Èhù Kan Tí Ẹ̀rọ Dá Sí

Ẹni tí ó pa ìyá mi wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí mo fi owó mi háyà, ó jẹ ìrẹsì mi, ó sì di ọwọ́ mi mú, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Èmi kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé ó wà láàárín àwọn tó ń nu ojú, mo sì búra lẹ́bàá ibojì pé lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n, yóò wù ú kó jẹ́ òun ni wọ́n sin.

Ẹ má rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí lọ́kàn rú. Orúkọ mi ni Rẹ̀mílẹ́kún. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni mo ṣe jẹun ní Lokoja yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ikú tó wá fúnra rẹ̀ àti ikú tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Tíṣà Zipporah ni ìyá mi. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Oworo ní jọ́gíráfì, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, kò jókòó sílé máa retí ikú. Ó wọ inú Àká Ìmọ̀. Àká Ìmọ̀ jẹ́ ìwé ńlá kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹlòmíràn sì lè tún un ṣe. Ìyá mi á gun ọ̀kadà lọ sí àwọn abúlé etí odò, á jókòó ti àwọn arúgbó, á sì wá kọ ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà nípa abúlé kọ̀ọ̀kan. Irú àròkọ kékeré bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Àká ń pè ní èhù, nítorí wọ́n gbà pé ó lè dàgbà di igi. Èyí tí kò bá wúlò, wọ́n ń pè é ní èpò, wọn a fà á tu, wọn a dà á sí ààtàn. Èhù tí ìyá mi bá kọ, ìlà kan náà ló ń fi parí rẹ̀: "Ẹni tí ó sọ fún wa ni," àti orúkọ arúgbó náà. Kò sí ẹni tó kọ ìwé nípa àwọn abúlé wọ̀nyẹn rí. Ẹnu àwọn arúgbó ni ìwé wọn.

Nígbà tó yá, èhù pọ̀ ju ọwọ́ àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Olúwaṣèyí, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà, bá ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa díwọ̀n wọn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ṣòro láti yé èèyàn. Ẹ ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròkọ hàn án, ẹ ó máa wí fún un pé èhù nìyí, igi nìyí, èpò nìyí. Yóò máa wo ọwọ́ yín bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá, títí yóò fi lè dá a ṣe. Wọ́n sọ ọ́ ní Máàkà, bí olùkọ́ tó ń máàkì ìdánwò. Ohun tí Máàkà bá pè ní èpò, kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò bá àwọn èhù rẹ̀ mọ́. Máàkà ti pè wọ́n ní èpò. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kéré. "Rẹ̀mí," ó ní, "wọ́n ti fa oko mi tu." Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, kò sì rí ọ̀sẹ̀ náà parí. Dókítà kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sínú ìwé ikú. Ohun tó rí ló kọ. Èmi kọ tèmi sínú ọkàn mi.

*

Inspẹ́kítọ̀ Àyúbà, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí, mú Olúwaṣèyí lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Ọjọ́ Ajé ni yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ Máàkà pé kó pe iṣẹ́ ìyá mi ní èpò, orúkọ Olúwaṣèyí ló wà lára rẹ̀. Ìyá mi sì ti bá a wí rí níwájú gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ará Àká ní Lokoja nítorí pé ó máa ń pẹ́ dé ìpàdé.

"Mádàámù, na him name dey there from top to bottom," ni Àyúbà wí. "Wallahi, ẹjọ́ yìí ti parí."

Inú mi dùn, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ náà kó tó wọ ẹ̀wọ̀n, kí n lè máa rántí rẹ̀ nígbà tí oorun bá kọ̀ mí. Wọ́n mú un jáde, ó dọ̀bálẹ̀. N kò ní kó dìde.

"Mà, èmi ni mo ṣe Máàkà," ó wí láti ilẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ pa iṣẹ́ Màmá rẹ́, ìlà kan péré ni mo máa kọ sínú rẹ̀, ó parí. Ẹni tó ṣe èyí jókòó, ó ń tẹ èpò, èpò, èpò, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé kì í gba ojú fèrèsé wọlé."

Mo ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mi. Èyí kò rùn bí irọ́, ó sì bí mi nínú pé kò rùn bí irọ́. Mo ní kó dìde, mo bi í bí orúkọ rẹ̀ ṣe débẹ̀.

Ó ní òun ló ni kọ̀ǹpútà, òun ló ń ra détà. Bí wọ́n bá ti pàdé ní yàrá ìpàdé wọn ní Karaworo, òun á fi orúkọ òun ṣí ẹ̀rọ náà, àwọn àgbà á sì máa jókòó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

"O kò lè ní kí wọ́n dìde kí o kọ́kọ́ ti orúkọ rẹ pa?"

"Àgbà, mà? Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Bóyá ìlú mìíràn wà tí ọmọ yóò ti lé àgbà dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbí. Orúkọ rẹ̀ á wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà náà, kì í sì í kúrò nínú yàrá yẹn; ìgbà tí kò sí ìpàdé ni wọ́n sì tẹ àwọn èpò náà. Èèyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn: òun fúnra rẹ̀, Tóyìn tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, àti Díákónì Nehemiah Bámiṣayé, alága wọn.

Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti yí ojú. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, èmi sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ de ìka ẹlòmíràn. Mo ní kí Àyúbà gbé kọ̀ǹpútà náà wá. N kò bi ọmọ náà pé ta ló kórìíra ìyá mi. Mo bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti kórìíra.

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe pé àròkọ wọn kúrú, nítorí àwọn tó tún kúrú jù wọ́n lọ ṣì wà láàyè. Kì í ṣe abúlé wọn, nítorí ohun tí ẹlòmíràn kọ nípa abúlé kan náà kò kú. Lẹ́yìn náà ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Gbogbo èyí tó kú ló parí sí "Ẹni tí ó sọ fún wa ni." Ẹni náà ń wá ìlà yẹn kiri ni, ibi tó bá ti rí i, yóò tẹ èpò. Àmì tí ìyá mi fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn arúgbó ni ó fi mọ ẹni tí yóò pa.

"Gbogbo wọn ló kú?"

"Gbogbo wọn, mà. Ó ku ẹyọ kan."

Etídò ni orúkọ abúlé inú rẹ̀. Ìlà márùn-ún péré ni, síbẹ̀ ẹnì kan ti pè é ní igi, ó sì tún un pè bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, títí Máàkà fi gbà pé ohun tí a kì í fọwọ́ kàn ni. Mo kà á sókè. Ó ní abẹ́ òkè ni Etídò wà, ẹja pípa sì ni iṣẹ́ wọn. Ó ní ẹja àrọ̀ kan ló fi ibi tí omi kò ti jìn han baba ńlá wọn lọ́jọ́ tí ogun ń lé e. Nítorí náà, ará Etídò kì í jẹ àrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí ọmọbìnrin Etídò bá bí sílé ọkọ kì í jẹ ẹ́. Ẹni tí ó sọ fún wa ni Ìyá Sarah.

"Àyúbà," mo wí, "bí ẹnì kan bá ń sun oko olóko, tó wá ń bomi rin ẹyọ ewéko kan láàárín iná, kí lo máa rò?"

"Pé ewéko yẹn jẹ́ tiẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Etídò nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olúwaṣèyí wá láti Mopa, bàbá Tóyìn wá láti Ọ̀ṣogbo, Díákónì sì jẹ́ ọmọ Ìkérà, abúlé kan ní ìsàlẹ̀ odò. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Àmọ́ bí wọ́n bá bi ọ́ ní Lokoja pé ọmọ ibo ni ọ́, ìlú bàbá rẹ lo máa dárúkọ. Ìlú ìyá kì í hàn àfi nínú ìkòkò ọbẹ̀. Mo bá gba ọjà lọ, mo ra àrọ̀.

*

Olúwaṣèyí ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo gbé iyán àti àrọ̀ lọ fún un ní àtìmọ́lé. Ó jẹ ẹ́ títí kan orí, ó lá ọwọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo ra ilé fún. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lọ́kàn mi.

Tóyìn ni Àyúbà ń fura sí lẹ́yìn ìyẹn, èmi náà sì ń fura sí i gidigidi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti dìde ní ìpàdé rí, ó ní ẹnu kì í ṣe ìwé, pé èhù tí kò bá ní ìwé tó ti í lẹ́yìn, èpò ni. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Natako. N kò bá a ṣe àlàyé, mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un lójúkojú.

"Mo sọ ọ́," ni ó dáhùn. "Mo máa tún un sọ. Ṣùgbọ́n iwájú Màmá ni mo ti sọ ọ́. Èmi kì í bá èèyàn jà lẹ́yìn."

Lẹ́yìn ìyẹn ló bú sẹ́kún. Ó ní òun àti Màmá a máa jiyàn lórí ìlà yẹn títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ, Màmá á sì bu omi fún òun. Ó ní bí n kò bá jẹun kí n tó kúrò, ìbínú mi kò tíì tán nìyẹn. Ó gbé ẹ̀bà wá pẹ̀lú ọbẹ̀ tó wà lórí iná nígbà tí mo dé. Àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bù ú jẹ. Ẹni tí mo wá gbé lọ sí ẹ̀wọ̀n ló ń fi ẹja bọ́ mi.

Nígbà tí mo ń dìde, ó sọ ohun kan. Ó ní ẹni tó tọ Màmá lọ nílé nítorí èhù kan, tó sì fi ìbínú jáde, kì í ṣe òun o. Díákónì ni.

*

Ní ilé wa, lẹ́yìn ìsìnkú, a máa ń pe àwọn tó dúró tì wá wá jẹun. Mo pe Díákónì sí ilé ìyá mi ní Karaworo lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Òun ló ṣe àdúrà ìparí lẹ́bàá ibojì, tó sì fi ẹsẹ̀ Bíbélì mẹ́ta gbé orúkọ ìyá mi ga. Kí ó tó dé, Àyúbà ti wà nínú yàrá, ó jókòó sórí ibùsùn ìyá mi, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

"Ọ̀kún o, Rẹ̀mílẹ́kún," ni Díákónì wí bó ti wọlé. "Olúwa yóò tù ọ́ nínú."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo gbé iyán kalẹ̀, mo sì gbé ọbẹ̀ àrọ̀ tì í. Ó wo inú àwo, ó rọra tì í sẹ́yìn. Ó ní dókítà ti ka ẹja léèwọ̀ fún òun nítorí orúnkún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo wọ ilé ìdáná, mo gbé ọbẹ̀ mìíràn tí mo ti sè sílẹ̀ wá. Ẹpìyà ló wà nínú tìyẹn. Ó jẹ méjì, ó sì fa egungun wọn mu. Dókítà ti gbàgbé ẹpìyà.

Mo mọ̀ pé àwọn ìjọ kan wà tí kì í jẹ ẹja tí kò ní ìpẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọ kan náà ni òun àti ìyá mi ń lọ, àrọ̀ sì ni wọ́n ń fi ìkòkò ńlá sè níbi ìkórè wọn. Mo bi í pé ibo ni ìyá rẹ̀ ti wá.

"Kabba," ni ó wí. N kò tíì gbẹ́nu kúrò níbẹ̀ kó tó dáhùn.

Mo kó àwo kúrò, mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Etídò ló wà lójú rẹ̀. Mo ní ó ku ẹyọ kan tí Máàkà kò tíì fà tu nínú iṣẹ́ ìyá mi, kò sì yẹ kó dá wà láìní ẹgbẹ́. Mo ní alága ni yín, sà, ẹ bá wa tẹ èpò sí i kí ọ̀rọ̀ náà tán.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

"Kí ló dé? Kò yàtọ̀ sí àwọn yòókù."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀."

Mo na ìka mi sí i. N kò yára. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ìka mi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ ju oúnjẹ èyíkéyìí tí mo jẹ láti ọjọ́ tí ìyá mi ti kú.

"Rẹ̀mílẹ́kún, má tẹ̀ ẹ́." Ó ti di ọwọ́ mi mú. "Ìyá mi ni. Sarah. Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí orúkọ rẹ̀ wà."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò fi "ìwọ" pe ẹni tó jù mí lọ rí.

"Ìyá tìrẹ nìkan ló bímọ?" mo bi í.

Ó fi ọwọ́ bojú, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, Àyúbà ń gbọ́. Lára àwọn èhù ìyá mi, ọ̀kan wà nípa Ìkérà. Ó ní lọ́dún omíyalé, ọkùnrin tó ni ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fi ọkọ̀ náà kó iṣu àti ewúrẹ́ tirẹ̀ kọjá, ó fi àwọn èèyàn sílẹ̀ lórí òrùlé. Opó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá omi lọ ló sọ ọ́ fún ìyá mi. Bàbá Díákónì ni ọkùnrin náà. Nítorí ìtìjú yẹn ni Sarah fi kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ tó padà sí Etídò, tí ọmọ rẹ̀ sì ń sọ káàkiri pé ó ti kú. Ìyá mi kò mọ̀ pé ìyá alága òun ni òun jókòó tì níjọ́ tó lọ sí Etídò.

Díákónì bẹ ìyá mi pé kó yọ èhù Ìkérà kúrò. Ìyá mi dá a lóhùn pé, "Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ti kú. Bí mo bá yọ ọ́, mo pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn." Bó bá jẹ́ Ìkérà nìkan ló pòórá, ọmọdé pàápàá yóò mọ ọmọ ẹni tó fà á tu. Nítorí náà ló ṣe kọ́ ẹ̀rọ láti pa gbogbo wọn, kí òkú kan lè sọnù láàárín òkú púpọ̀.

"Ó ba orúkọ bàbá mi jẹ́," ni ó wí. "Mo fẹ́ kí òun náà mọ bó ṣe ń dunni. N kò mọ̀ pé yóò kú."

"Ó mọ bó ṣe ń dunni," mo wí. "Ó mọ̀ ọ́n dáadáa." Àyúbà sì jáde síta.

*

Olúwaṣèyí sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó wà ní ààtàn kò tíì jóná, alága nìkan ló sì lè kó o padà, nítorí náà mo jẹ́ kí ó jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa wọ́n. Mo ní kí ó fi Ìkérà bẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á sókè. Nígbà tó dé ibi ewúrẹ́, ó fò ó. Mo ní kí ó tún un kà.

Àyúbà wo inú ìwé òfin. Ó rí ìjìyà fún ẹni tó fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ ibi lórí kọ̀ǹpútà. Kò rí ìkankan fún ẹni tó pa arúgbó láìfọwọ́ kàn án. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Díákónì mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun ní àwọn ọmọ ní Àbújá, òun ní ọmọ ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ òun níléèwé, pé kí n fi òun fún adájọ́, kí n má fi òun fún Àká. Mo fún un ní èsì tí ìyá mi fún un. Mo ní ẹni tó sọ ọ́ fún mi ti kú.

Mo lọ sílé, mo jókòó nídìí fèrèsé ìyá mi tó kọjú sí Òkè Patti, mo sì kọ èhù àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé mi. Ìlà mẹ́fà ni. Mo kọ ibi tí wọ́n ti bí Tíṣà Zipporah, mo kọ àwọn ọmọ tó kọ́, àwọn abúlé tó fi ọ̀kadà dé àti àwọn arúgbó tó fetí sí. Ní ìlà karùn-ún mo kọ pé Nehemiah Bámiṣayé, ọmọ Ìkérà, ni ó kọ́ ẹ̀rọ láti fa iṣẹ́ rẹ̀ tu, tí ìbànújẹ́ rẹ̀ sì pa á. Ìlà kẹfà ni: Ẹni tí ó sọ fún wa ni Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ rẹ̀.

Olúwaṣèyí ti fọ orí Máàkà mọ́, òun àti Tóyìn sì ti tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi èyí tí mo kọ síwájú rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe èpò. Ó ní èhù ni, ó lè dàgbà.

Mo ń bomi rin ín.